Lẹ́tà sí Àjàní ní Yola: Kí ìpolówó tẹ́ńdà tó jáde

Òkè-Fíà,
Òṣogbo.

Àjàní ọ̀rẹ́ mi,

O kú oríire! Ipò ọ̀gá àgbà lẹ́ka ọjà rírà ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tọ́ sí ọ, gbogbo wa ní Òṣogbo níbí ló ń bá ọ yọ̀.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí o dì mú ṣinṣin: kí ìpolówó tẹ́ńdà, ìyẹn ìpè sí àwọn agbaṣẹ́ṣe láti fi iye owó wọn du iṣẹ́, tó jáde ni iṣẹ́ yìí ti ń dára tàbí bàjẹ́. Àpèjúwe ọjà ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Mú jẹnẹrétọ̀ bí àpẹẹrẹ. Bí àwọn tó fẹ́ lò ó bá kọ "jẹnẹrétọ̀ 100 kVA" lásán ránṣẹ́ (kVA ni ìwọ̀n agbára rẹ̀), dá a padà. Ṣé 100 kVA ti prime ni àbí ti standby? Ti prime, ẹ lè máa tàn án fún ọ̀pọ̀ wákàtí; ti standby, ìgbà díẹ̀ tí iná bá lọ ni wọ́n ṣe é fún. Bí ẹ bá ń tan ti standby láti àárọ̀ dalẹ́, nǹkan bíi 91 kVA ni ẹ lè gbára lé. Agbaṣẹ́ṣe tó bá sì gbé e wá kò rú àdéhùn, torí ìwé yín kò sọ ọ́. Kọ ọ́ pé 100 kVA prime, fésì mẹ́ta, 415 V, 50 Hz. Kọ gígùn wáyà ní mítà, kọ ẹni tí yóò da kọnkéré tí yóò jókòó lé, iye fílítà tí yóò bá a wá, àti wákàtí tí ẹ ó fi dán an wò kí ẹ tó buwọ́ lù ú. Má dárúkọ iléeṣẹ́ kankan; bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, fi "tàbí irú rẹ̀ tó bá a dọ́gba" sí i.

Iye owó tí ẹ ó fojú bù fún ọjà náà ńkọ́? Bi òntajà mẹ́ta, ó kéré tán, kí o sì bi wọ́n bóyá owó ọkọ̀ àti VAT 7.5% wà nínú rẹ̀. Iye tí wọ́n dá l'Ékòó kọ́ ni ọjà yóò jẹ́ ní Yola. Iye inú fáìlì ọdún tó kọjá léwu: agbaṣẹ́ṣe tó bá fi í gbaṣẹ́ yóò gbé ayédèrú wá, tàbí kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lágbede méjì.

Wọ́n á ní kí o pín iṣẹ́ kan sí wẹ́wẹ́ kí ẹ lè yẹra fún tẹ́ńdà gbangba, torí pé àkókò kò sí. Má gbà rárá, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin ọjà rírà ìjọba ti 2007. Òfin yẹn ní kí tẹ́ńdà gbangba lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà níta, ó kéré tán. Ọjọ́ tí ẹ nílò ọjà ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á padà sẹ́yìn.

Ní gbangba ni kí ẹ ti ṣí tẹ́ńdà, kí ẹ ka orúkọ àti àròpọ̀ iye kálukú sókè. Nígbà àyẹ̀wò, ohun tí kò sí nínú ìwé tẹ́ńdà, má fi díwọ̀n ẹnikẹ́ni, bó ti wù kó dára lójú rẹ tó. Ibẹ̀ ni ẹ̀sùn ti ń wá, ẹni tí inú bá sì bí ní ọjọ́ iṣẹ́ 15 láti kọ̀wé.

Kí owó àsanṣáájú tó jáde, ìwé onídùúró bánkì, èyí tí bánkì fi ṣèlérí láti dá owó yẹn padà bí agbaṣẹ́ṣe bá kùnà, gbọ́dọ̀ ti wọlé. Fúnra rẹ ni kí o wá nọ́ńbà bánkì náà láti bi wọ́n bóyá tiwọn ni ìwé náà, má pe èyí tó wà lórí ìwé yẹn. Wo ọjọ́ tí yóò kú dáadáa: bí iṣẹ́ bá falẹ̀ tí ìwé sì kú, ẹ kò ní ohun tí ẹ ó fi gba owó yín padà.

Fáìlì, ti bébà àti ti kọ̀ǹpútà, ọdún 10 ni òfin ní kí ẹ tọ́jú rẹ̀.

Bá mi kí ìyàwó àti àwọn ọmọ. Kọ̀wé kí o sọ fún mi bóyá ètò ọjà rírà ọdún yìí ti wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Bí kò bá tíì sí, òun ni kí o fi bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Àkànní