Bíbi ọlọ́pàá ní ìbéèrè kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀

Olóòtú,

Mo ka lẹ́tà òǹkàwé yín kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó ní kí ọlọ́pàá máa gbé gbogbo ọ̀dọ́ tó bá ń bá wọn jiyàn lójú títì, kí wọ́n lè kọ́gbọ́n. Òótọ́ ni pé ẹnu àwọn ọmọ ìsinyìí mú. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni àìlẹ́kọ̀ọ́, ọ̀tọ̀ ni ẹ̀sùn, n kò sì tíì rí ẹni tí àtìmọ́lé kọ́ ní ìwà ọmọlúàbí.

Kí ló tilẹ̀ máa ń dá iyàn náà sílẹ̀? Láìpẹ́ yìí, wọ́n dá bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀ dúró lọ́nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́. Ọlọ́pàá kan nàka sí ọmọkùnrin kan tó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, ó ní kó ṣí fóònù rẹ̀. Ọmọ náà ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe?" Kò pariwo, kódà ó ti ń sọ̀ kalẹ̀. Lójú ọlọ́pàá náà bá yí padà: "Èmi lò ń bi ní ìbéèrè? Wàá ṣàlàyé ní téṣàn!" Ìyá tó jókòó tì mí ń bẹ̀bẹ̀, "Ọ̀gá, ẹ fọwọ́ wọ́nú, ọmọ yín ni." Wọ́n tì í sẹ́yìn ọkọ̀ wọn, dírẹ́bà wa sì ṣáná sí mọ́tò. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí wọ́n fi kàn án. Ta ló fẹ́ di ẹnìkejì?

Ìbéèrè tí ọmọ yẹn bi, òfin ní kí ọlọ́pàá ti dáhùn rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bi í. Òfin ACJA ti ọdún 2015, ìyẹn òfin ìjọba àpapọ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń mú afurasí àti bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ẹjọ́ ọ̀daràn, ní kí ọlọ́pàá sọ ìdí tó fi ń mú ènìyàn fún un lójú ẹsẹ̀, àfi bó bá ká a mọ́ ìdí ọ̀ràn náà tàbí tó ń lé e bọ̀ láti ibẹ̀. Abala 35 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 ní kí wọ́n tún kọ ọ́ sílẹ̀ fún un láàárín wákàtí 24, ní èdè tó gbọ́. Abala yìí kan náà ló béèrè ìfura tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ pé onítọ̀hún ti dáràn. "Ó ń bá mi jiyàn" kò sí lára ìyẹn. Ti fóònù yíyẹ̀wò, àwọn ọ̀gá wọn l'Ábùjá gan-an ti kìlọ̀ fún wọn léraléra.

Nígbà wo wá ni kí wọ́n mú èèyàn? Nígbà tó bá kúrò lẹ́nu tó di ọwọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, fídíò kan jáde níbi tí Ṣeun Kuti ti gbá ọlọ́pàá létí lórí afárá Third Mainland l'Ékòó. Àwọn kan gbè é lẹ́yìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì; èmi ò sí lára wọn, mo fara mọ́ mímú tí wọ́n mú un. Ẹni tó fa aṣọ ọlọ́pàá ya, tó halẹ̀ pé òun máa pa á, tó fara dí i lọ́nà kó má lè mú olè, kí wọ́n gbé e. Èébú ńkọ́? Ó máa ń dunni, mo mọ̀. Ẹni tó bá kọ́ ọmọ girama rí ti gbọ́ èyí tó burú jù. Bó bá jẹ́ ẹnu lásán ni, kí ọlọ́pàá parí ohun tó torí ẹ̀ dá a dúró, kó jẹ́ kó máa lọ.

Béèlì ni kì í jẹ́ kí wọ́n lè jẹ́ kó máa lọ. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri àgọ́ wọn pé ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ bi òbí tó lọ gba ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Níwọ̀n ìgbà tí "Kí ni mo ṣe?" bá ń di owó, wọn ò ní í yé rí alárìíyànjiyàn mú.

Ohun tí mo ń fẹ́ lọ́dọ̀ kọmíṣánnà ọlọ́pàá kò pọ̀: bí wọ́n bá mú ẹnikẹ́ni wá sí àgọ́ tí kò sí ẹ̀sùn mìíràn ju pé ó jiyàn, kí DPO, ọ̀gá àgọ́ náà, dá a padà lójú ẹsẹ̀, kó sì kọ orúkọ ẹni tó mú un wá sínú ìwé.

Olùkọ́ fẹ̀yìntì,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn