Lẹ́tà sí àbúrò mi tó ń wọ ọdún àṣekágbá

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo ti ka mẹ́sèèjì ẹ tàná, mo sì tún un kà láàárọ̀ yìí kí n tó jókòó kọ èyí. O ní o ti ṣírò gbogbo ẹ̀, pé 3.37 nínú 5 lo wà báyìí, pé tó o bá ti ń gba B títí dé ìparí, 2:1, ìyẹn ìpele dìgírì tó tẹ̀ lé fáásì kíláàsì, ti wọlé nìyẹn, kí n má mikàn. Inú mi dùn pé o tiẹ̀ jókòó ṣírò ẹ̀, torí èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tèmi, àmọ́ ìṣirò yẹn ò tọ̀nà, mi ò sì fẹ́ kó o gbé e wọ ọdún àṣekágbá.

Wo ohun tó o ṣe. O ro GPA, ìyẹn ìpíndọ́gba gírédì, ti sẹ̀mẹ́sítà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀, o wá fi 6 pín in. Àwọn sẹ̀mẹ́sítà yẹn ò dọ́gba rárá. Èyí tó o ti gba 4.20 yẹn, yúnítì 15 péré lo ṣe (yúnítì ni ìwọ̀n bí kọ́ọ̀sì ṣe wúwo tó), pọ́ìntì 63 ló mú wá fún ẹ. Èyí tó o ti gba 3.00, yúnítì 24 ni, pọ́ìntì 72. Tó o bá kàn ro 4.20 mọ́ 3.00 tó o pín in sí méjì, 3.60 lo máa rí, inú ẹ á sì dùn, àmọ́ pọ́ìntì 135 lórí yúnítì 39 lo ní lóòótọ́, 3.46 nìyẹn. Sẹ̀mẹ́sítà tó wúwo yẹn ló ń fà ẹ́ wálẹ̀, ìwọ sì kà á bíi pé òun àtèkejì jọ fúyẹ́ bákan náà.

Kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ni wàá mú, gírédì ẹ̀ lọ́nà yúnítì ẹ̀. A jẹ́ 5, B jẹ́ 4, C jẹ́ 3, bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀ nìyẹn, ìyẹn nílé-ìwé tìẹ o, torí ibòmíì wà tó jẹ́ 4 ni wọ́n ń lò lókè, ọ̀pọ̀ yunifásítì ní England ò tiẹ̀ ka ọdún kìn-ín-ní mọ́ ọn. Torí ẹ̀ ni mo fi ní kó o ka ìwé òfin ẹ̀ka yín fúnra ẹ, má tẹ̀ lé ohun tí wọ́n ń sọ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, pàápàá lórí kọ́ọ̀sì téèyàn bá féèlì, bóyá F yẹn ṣì máa wà nínú ìṣirò lẹ́yìn téèyàn bá tún un ṣe tó sì yege. Mo ti bá ẹ ro gbogbo tìẹ. Pọ́ìntì 399 lórí yúnítì 120. 3.325 lo wà, kì í ṣe 3.37.

O lè sọ pé kí ni ìyàtọ̀ ẹ̀. Yúnítì 160 lo máa fi jáde. 3.50 ni 2:1 ti bẹ̀rẹ̀, 3.50 lọ́nà 160 sì jẹ́ pọ́ìntì 560. O ti ní 399, ó ku 161, yúnítì 40 ló sì kù tó o fi máa wá a. Tó o bá wá gba B nínú gbogbo ẹ̀, láìku ẹyọ kan, 160 ni. Àpapọ̀ ẹ̀ á jẹ́ 559, 3.49 nìyẹn. Pọ́ìntì kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù.

Mi ò sọ tèmi fún ẹ rí. Ìgbà tó ku sẹ̀mẹ́sítà kan ni mo tó mọ iye tí mo nílò, pọ́ìntì 82 lórí yúnítì 20, mo kàwé bíi pé mi ò ní sùn mọ́ láyé, mo sì rí 80. Mo parí sí 558. Lọ́jọ́ tí èsì jáde mo mú gbogbo èsì mi láti ọdún kìn-ín-ní, mo ń fi ìka tọ́ ọ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, mo ń wá pọ́ìntì méjì, mo sì rí i nínú kọ́ọ̀sì yúnítì 2 kan báyìí tí gbogbo wa kà sí ohun tí ò tó nǹkan, tí mo lọ kíláàsì ẹ̀ bóyá ẹ̀ẹ̀mẹta. 58 ni mo gbà níbẹ̀. Láti 60 ni B ti bẹ̀rẹ̀. Máàkì méjì péré, B ni ìbá jẹ́, pọ́ìntì méjì tí mò ń wá náà nìyẹn. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ìwé yẹn lọ́wọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ìwọ ṣì ní àyè, ìdí tí ara mi fi yá gágá láti kọ èyí nìyẹn. Pírójẹ́ẹ̀tì ẹ, yúnítì 6 ni. A níbẹ̀ jẹ́ 30, C níbẹ̀ jẹ́ 18, kò sí kọ́ọ̀sì míì tó lè gbé ẹ sókè tàbí kó já ẹ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Gba A níbẹ̀, gba B nínú yúnítì 34 tó kù, 166 nìyẹn, o ti fi 5 lé ohun tó o nílò. Ìyẹn ni pé C kan nínú kọ́ọ̀sì yúnítì 3 àti C kan nínú ti yúnítì 2 ò ní bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n kò gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, àfi tó o bá rí A níbòmíì dí i. Torí náà má dúró de sẹ̀mẹ́sítà kejì kó o tó lọ bá sùpáfáísọ̀ ẹ, mú àkòrí méjì tàbí mẹ́ta lọ bá a lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ bá wọlé.

Ọ̀rọ̀ fáásì kíláàsì tí ọ̀rẹ́ ẹ ń sọ yẹn, fi sílẹ̀. Tó o bá gba A nínú yúnítì 40 tó kù pátá, 3.74 lo máa bá jáde, ìyẹn ò tó fáásì kíláàsì. Kò sí ẹ̀bi nínú ẹ̀, nọ́ńbà ló sọ bẹ́ẹ̀, má fi ṣe ìbànújẹ́ rárá.

Fi lìísìtì àwọn kọ́ọ̀sì tó kù ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ òní, kó o kọ yúnítì kọ̀ọ̀kan síwájú ẹ̀, kó o sì fàlà sábẹ́ àwọn tó ń bà ẹ́ lẹ́rù. Màá pè ẹ́ tí mo bá ti rí i, ká jọ pín pọ́ìntì 161 yẹn sórí wọn.

Ẹ̀gbọ́n ẹ.