Àbàtà Tí Wọ́n Ń Fi Yanrìn Dí ní Ẹ̀pẹ́

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè kí n sọ̀rọ̀ lórí àbàtà kékeré kan tó wà létí ọ̀sà níhìn-ín ní Ẹ̀pẹ́, èyí tí àwọn onítípà ti ń da yanrìn sí láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kí wọ́n lè gé e sí pulọ́ọ̀tì.

Àwọn tó ń tà á ní ilẹ̀ tí kò wúlò ni. Rárá o. Bí ẹ bá gbé ojú oró kan ṣoṣo kúrò lójú omi, ẹ ó rí i pé omi kì í dúró lára ewé rẹ̀ nítorí irun wẹ́wẹ́ tó bò ó, àti pé àárín gbòǹgbò tó so rọ̀ bí irùngbọ̀n lábẹ́ rẹ̀ ni ọmọ ẹja àti edé ń sá pamọ́ sí. Òṣíbàtà wà níbẹ̀, igi àbùrà náà wà níbẹ̀, àmọ́ ti ògùrọ̀ ló ká mi lára jù. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ògùrọ̀ ń so láyé rẹ̀, lẹ́yìn náà yóò kú. Èyí tí wọ́n bá sì dá fún ẹmu kì í so rárá. Èso tó já sínú irà ló ń hù rọ́pò rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ igi wọ̀nyẹn gan-an sì ni yanrìn ti bò mọ́lẹ̀.

Ìtàn ìlú wa kò ṣeé yà kúrò lára irú ilẹ̀ yìí. Àwọn àgbà ń sọ pé ọdẹ ni Húrákà tó ti Ilé-Ifẹ̀ wá tẹ ìlú dó. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì lé Kòsọ́kọ́ ọba Èkó kúrò l'Ékòó ní December 1851, Ẹ̀pẹ́ ni òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ wá fìdí kalẹ̀ sí, níbi tí ó ti bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì tọwọ́ bọ àdéhùn ní 1854, kó tó padà sílé ní 1862. Ọ̀pọ̀ àwọn tó bá a wá kò sì padà mọ́. Ewé ògùrọ̀ ni àwọn ará etí ọ̀sà fi ń bo ilé kí páànù tó dé. Títí dòní ni a sì ń wúre pé ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Ó yẹ kí àwọn ọmọ wa rí ewé tí à ń dárúkọ náà.

Nàìjíríà ti forúkọ àbàtà 11 sílẹ̀ lábẹ́ àdéhùn Ramsar ti 1971 tó wà fún ààbò irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò sí ìkankan nínú wọn ní Ìpínlẹ̀ Èkó. N kò ní kí tiwa dé ibẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀ ni pé kí ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn ẹbí tó ni ilẹ̀ náà jọ wọn ìyókù rẹ̀, kí wọ́n ri òpó ààlà mọ́lẹ̀, kí wọ́n sì dá àwọn onítípà dúró kí òjò tó dé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkàwé yín kan, Ẹ̀pẹ́.