Lẹ́tà sí Àdùkẹ́, kí Ọjọ́bọ̀ tó dé

Àdùkẹ́ mi,

Ìwé ìkéde eré orin ìdánwò àṣekágbá tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo fi ìka fẹ àwòrán náà títí orúkọ rẹ fi kún ojú fóònù, mo sì gbé e lọ bá Màmá ní yàrá wọn. Ojú wọn ò gbé e mọ́, ni wọ́n bá ní kí n pe orúkọ rẹ bó ṣe wà níbẹ̀, ti bàbá rẹ mọ́ ọn. Mo pè é. Wọ́n ní kí n tún un pè.

Mo rí i pé ìwọ nìkan kọ́. Láti ọjọ́ Ajé ni ẹ̀yin tó ń jáde lọ́dún yìí á ti máa bọ́ síwájú èèyàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ẹnì kan á fun trumpet, ẹnì kan á kọ orin Handel, ará Yúróòpù ayé àtijọ́, ọmọkùnrin kan á gbé dùndún kọ́ èjìká. Tìrẹ, ti piano, bọ́ sí Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Màá wà níbẹ̀ kó tó di aago mẹ́ta.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ láàárín èmi pẹ̀lú rẹ láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn, mi ò sì fẹ́ kó bá mi wọ gbọ̀ngàn yẹn. Pálọ̀ Màmá ni mo ti sọ ọ́, lójú gbogbo ẹbí. Ìdí nìyí tí mi ò fi pè ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ohun tí mo bàjẹ́ ní gbangba, gbangba náà ló yẹ kí n ti tún un ṣe.

Ọjọ́ tí o gba admission, èmi ni mo dìde tí mo ní orin kì í ṣe ohun tí èèyàn ń lọ kà ní yunifásítì. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ kọrin, kó lọ wọ kúáyà. Mo ní kọ́bọ̀ mi ò ní bá a lọ. Ìyá rẹ ò bá mi jiyàn. Ó dìde, ó wọlé, nígbà tó sì di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti ta ọ̀kan nínú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ méjèèjì. Ìwọ náà ò sọ nǹkan kan. Ilẹ̀ lò ń wò, o sì ń fi ìka tẹ itan rẹ díẹ̀díẹ̀. Mo rò pé ẹ̀rù ló ń bà ọ́. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé orin lò ń tẹ̀.

Dárí jì mí, ọmọ mi.

Kì í ṣe pé mo kórìíra orin. O ò bá bàbá ìyá rẹ láyé, nítorí náà o ò lè mọ ohun tí mo rí. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni Bàbá fi tẹ dùùrù ní ìjọ kan tí mi ò ní dárúkọ. Dùùrù ẹlẹ́sẹ̀ ni, èyí tí èèyàn ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì fún ní atẹ́gùn kó tó lè dún. Nírọ̀lẹ́ Sátidé, wọ́n á kọ sol-fa, àmì ohùn do-re-mi, sára pátákó dúdú, alto lókè, tenor nísàlẹ̀, wọ́n á sì máa fi ọ̀pá kékeré tọ́ka sí i títí àwọn onígbá àti àwọn káfíńtà fi máa kọ Handel láìwo ìwé. Fèrèsé ilé ìjọsìn náà máa ń wà ní ṣíṣí, ìwé orin wọn sì ti gbó, bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, ojú ìwé á ṣí lọ. Pẹ́ẹ̀gì aṣọ ni wọ́n fi ń há a. Èmi ni mo máa ń yọ méjì kúrò lára okùn Màmá láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, màá dì wọ́n mú títí a ó fi dé ìdí dùùrù, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n fi rán mi nìyẹn, mo sì gbádùn rẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀yìn ń dùn wọ́n tí wọn ò lè jókòó pẹ́ mọ́, ìjọ fún wọn ní Bíbélì kan àti àpòòwé kan. Ohun tó wà nínú àpòòwé náà ò tó ra oògùn oṣù kan. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ni mo jẹ́, èmi ni mo ń lọ sí ilé oògùn. Nígbà tí o wá ní Music lo fẹ́ kà, àpòòwé yẹn ló wá sójú mi. Mo wá sọ ẹ̀ṣẹ̀ àwọn tó fi iṣẹ́ Bàbá ṣe yẹ̀yẹ́ di ẹ̀bi iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ tí ojú mi là, mo lè sọ ọ́. Ọdún Àjíǹde tó kọjá ni, o wá sí Ìbàdàn. Iná ti lọ, mo rò pé ẹ ti sùn, mo jáde wá mu omi. Mo gbọ́ ìró kékeré kan, ko-ko-ko, láti ibi tábìlì oúnjẹ. O ti tẹ́ ìwé orin síwájú, fìtílà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, o sì ń tẹ pákó tábìlì. Kò sí kíbọọdù, kò sí ohùn kankan, àfi èékánná rẹ. Ọwọ́ òsì ń rin ìrìn tirẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ń rin tirẹ̀, ẹsẹ̀ wọn ò bára mu, síbẹ̀ wọn ò sọ ara wọn nù. O dúró. O pa dà sẹ́yìn. Ibì kan náà lo tẹ̀ ní ìgbà mọ́kànlá, mo kà á. Mo dúró sẹ́yìn kọ́tìnì, mi ò lè mi.

Láàárọ̀ mo bi ọ́ léèrè, o ní orin tí Akin Euba kọ sílẹ̀ fún piano ni, *Scenes from Traditional Life*. Mi ò mọ̀ ọ́n. Mo ti wá ìdí rẹ̀ látìgbà náà. Mo ti mọ̀ báyìí pé 1935 ni wọ́n bí i ní Èkó, ọdún kan náà tí wọ́n bí Ayọ̀ Bánkọ́lé tó kọ orin sílẹ̀ bíi tirẹ̀, pé àwọn méjèèjì lọ kọ́ orin ní Lọ́ńdọ̀nù, Bánkọ́lé ní ilé ẹ̀kọ́ orin Guildhall, Euba ní ti Trinity. Mo ti mọ̀ pé 1970 ló kọ ohun tí ò ń tẹ̀ lórí tábìlì wa, pé ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Ifẹ̀, ilé ìwé tìrẹ gan-an, ló sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1975. O ṣàlàyé fún mi pé ohùn méjìlá ló tò tẹ̀lé ara wọn bí àwọn ará Yúróòpù ìgbà yẹn ṣe ń ṣe, pé orí ìrìn ìlù ilẹ̀ wa ló sì gbé e lé. O ní ó fẹ́ kí piano máa ṣe bí ohun tí à ń lù. Ìgbà yẹn ni ìró èékánná rẹ yé mi. Bí o ṣe ń tẹ̀ ẹ́ láìsí ohùn, ìlù ni mo gbọ́.

Ohun tí mo torí rẹ̀ kọ lẹ́tà yìí nìyí. Nígbà tí a sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, o ní o fẹ́ yọ Euba kúrò. O ní orin Chopin, ará Yúróòpù kan, lo fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀, torí pé olùdánwò kan ń bọ̀ láti ìta, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ sì ní orin tí etí ti mọ̀ ló ń gba máàkì.

Mo bẹ̀ ọ́, má yọ ọ́.

Chopin ò ṣẹ̀ mí. Orin Bach, ará Yúróòpù mìíràn, tí o fi máa bẹ̀rẹ̀ náà, mo fẹ́ràn bí ohùn kan ṣe máa ń wọlé, tí èkejì á gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, tí ẹ̀kẹta á tún dé. Ṣùgbọ́n ronú wò. Bàbá máa ń dá gbogbo kúáyà dúró nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Bí ohùn orin bá ń sọ̀ kalẹ̀ níbi tí a ti fẹ́ pe ọ̀run, ọrùn la kọ. Wọ́n á fi ọ̀pá tọ́ ọrùn ara wọn, wọ́n á ní, “Ṣé ibí yìí lẹ fẹ́ lọ?” A máa ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àwọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní Ẹkúndayọ̀ Phillips ló la èèyàn lóye lórí ọ̀rọ̀ yẹn, ẹni tó ṣe ọ̀gá orin ní Kàtídírà Marina l'Ékòó láti 1914 títí di 1962, tó sì kọ ìwé lórí orin Yorùbá ní 1953. Ọmọdé inú kúáyà rẹ̀ ni Fẹlá Ṣówándé. Ṣówándé yìí, tí wọ́n bí ní 1905, ló lọ gba oyè tó ga jù lọ fún atẹdùùrù ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1943. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló kọ *African Suite* fún àwọn ohun èlò olókùn. Ìran Bánkọ́lé àti Euba ló wá tẹ̀ lé tirẹ̀, Bánkọ́lé ò sì pẹ́ láyé, ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni nígbà tí wọ́n pa á ní 1976.

Àwọn wọ̀nyí mọ Bach dójú àmì, wọ́n sì tún jókòó láti wá ibi tí ohùn tiwa máa gbé nínú ohun èlò àlejò. Ta ló máa tẹ̀ ẹ́ bí ìwọ tí o gbọ́ Yorùbá bá yọ ọ́? Ó lè jẹ́ pé olùdánwò náà ti gbọ́ Chopin yẹn lẹ́ẹ̀mẹwàá lọ́sẹ̀ kan náà. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé máàkì rẹ máa fi díẹ̀ lọ sílẹ̀, mo ṣì máa sọ ọ̀rọ̀ yìí. Má sì fi sí ìgbẹ̀yìn nígbà tí àwọn èèyàn ti ń wá bàtà wọn. Fi sí àárín, lẹ́yìn Bach, nígbà tí ọwọ́ rẹ ti yá tí etí wọn ṣì mú.

Iná ńkọ́? Mo lọ síbi eré orin kan níbí lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, iná lọ nígbà tí ọmọbìnrin kan ń tẹ piano. Kò dúró. Fáànù òkè rọra kú, jẹnẹrétọ̀ ò tíì dáhùn, ìgbà yẹn gan-an la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ bí ohùn kọ̀ọ̀kan ṣe ń tán lọ. Bí wọ́n bá mú iná lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, máa tẹ̀ lọ. Ìmọ́lẹ̀ ṣì máa wà lójú fèrèsé ní aago mẹ́rin.

Ní ti àwọn ará ilé, mo ti ṣàlàyé pé orin kan lè ní apá mẹ́ta, pé bí o bá dákẹ́, kò túmọ̀ sí pé ó ti parí. Wọ́n gbọ́. Ṣùgbọ́n bí Màmá bá pàtẹ́wọ́ níbi tí kò yẹ, tàbí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kì ọ́, jọ̀ọ́, jẹ́ kí wọ́n kì ọ́ tán. Wọ́n ti gbé ìró aṣọ òfì wọn jáde láti àná. Ìyá rẹ náà ń bọ̀. Mo ra ẹ̀rọ ìránṣọ mìíràn fún un lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kò kọ́kọ́ gbà á. Ó jókòó tì í, ó ń sunkún, lẹ́yìn náà ló ní kí n wá bá òun ki òwú bọ abẹ́rẹ́.

Bí o bá sì fẹ́ kàwé sí i lẹ́yìn èyí, owó fọ́ọ̀mù wà lọ́wọ́ mi. Má lọ bá ẹlòmíràn.

O ní Euba nìkan lo máa gbé ìwé rẹ̀ síwájú, pé afẹ́fẹ́ sì máa ń fẹ́ wọ ibẹ̀ láti apá òsì. Mo ti yọ pẹ́ẹ̀gì mẹ́rin lára okùn Màmá láàárọ̀ yìí, àwọn onígi, ike máa ń yọ̀. Wọ́n wà nínú àpò agbádá tí mo máa wọ̀. Apá òsì náà ni mo máa jókòó, kí n lè rí ìka rẹ. Bí o bá tẹ Bach tán, wo ọ̀dọ̀ mi, màá gbé wọn wá.

Èmi ni,
Dádì Ìbàdàn