Lẹ́tà sí àbúrò mi tí ó ní kò sí ọ̀nà ní etí odò Wẹmẹ

Àbúrò mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Àlàáfíà ni a wà ní Àjàṣẹ́ níbí, ní Porto-Novo ilẹ̀ Benin. Ooru mú gan-an ní oṣù kẹta yìí, a sì ń retí òjò àkọ́rọ̀.

Láti oṣù kẹwàá tó kọjá ni mo ti jẹ ọ́ ní èsì. O fi àwòrán ránṣẹ́ nípa ìrìn tí ìwọ àti àwọn ọmọ rìn ní etí odò Loire ní Faransé, láti Tours lọ sí Montlouis, mo sì wò wọ́n títí: ọ̀nà tí ó tẹ́jú, àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́, odò tí ó fẹ̀ tí iyanrìn sì yọ láàárín rẹ̀, àti ìwọ lórí àga tí wọ́n rì mọ́ ilẹ̀. Ohun tí o kọ sí abẹ́ wọn ni ó dùn mí. O ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú odò. Ọ̀nà etí odò tí ẹ ń ròyìn fún mi láti kékeré, láti Dangbo dé Adjohoun, mi ò rí i. Bóyá àlọ́ ni Ìyá wa ń pa fún wa.”

Mi ò fèsì nígbà náà, nítorí ẹnu lásán kò lè tó o. Mo dúró di oṣù kejì, mo sì fi ẹsẹ̀ ara mi rin ọ̀nà náà kí n tó gbé kálámù. Gbangba ni mo sì ti ń kọ ọ́, nítorí kì í ṣe ìwọ nìkan ni ó máa ń wálé láti ìlú òyìnbó ní oṣù kẹjọ tàbí oṣù kẹsàn-án, tí yóò wo omi yíká, tí yóò sì padà lọ sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ìwọ náà rántí ọjọ́ yẹn, nígbà tí o wálé ní oṣù kẹsàn-án. Mo mú ọ dé Dangbo, a sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ibi tí ọ̀nà ti yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ gan-an ni omi ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin kan wà nínú ọkọ̀ ojú omi tí ó ń bi wá bóyá a fẹ́ sọdá. O gbé ẹsẹ̀ kan síwájú kí n tó lè dá ọ dúró, amọ̀ sì gbé e mì dé ọrùn ẹsẹ̀. Nígbà tí o fà á yọ, ìbéèrè kan ni o bi mí: ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí òjò kò ti rọ̀ dáadáa ní Àjàṣẹ́, níbo wá ni gbogbo omi yìí ti wá? Ìbéèrè gidi ni, mo sì fi ẹ̀rín dá ọ lóhùn. Ẹ̀bi mi nìyẹn.

Omi náà kì í ṣe ti Àjàṣẹ́. Ní ìhà tiwa ní gúúsù, ẹ̀ẹ̀mejì ni òjò ń rọ̀ lọ́dún: ti àkọ́kọ́ ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí oṣù kẹta, ó ń parí ní oṣù keje, oṣù kẹjọ a dákẹ́ díẹ̀, èkejì a sì gbà á láti oṣù kẹsàn-án títí wọ oṣù kọkànlá. Ṣùgbọ́n ní apá òkè orílẹ̀-èdè yìí, ìgbà òjò kan ṣoṣo ni wọ́n ní, oṣù kẹjọ àti oṣù kẹsàn-án ni ó sì máa ń le jù. Odò Wẹmẹ, tí ìwé ìjọba ń kọ ní Ouémé, ti apá Djougou lọ́hùn-ún wá, ó sì gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 510. Ó gba abẹ́ afárá Ṣábẹ̀ẹ́ kọjá. Odò Okpara, tí ó wà ní ìlà-oòrùn Ṣábẹ̀ẹ́ níbi tí a ti bí ìyá Ìyá wa, ń ṣàn wá bá a. Odò Zou náà ń bá a láti ìwọ̀-oòrùn. Gbogbo omi wọ̀nyí a wá dé ilẹ̀ tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí kò ní ibi tí yóò sáré sí, kí wọ́n tó rọra wọ inú adágún Nokoué àti ọ̀sà Àjàṣẹ́. Nítorí náà, ọ̀run lè mọ́ kedere lórí wa ní Dangbo, kí òjò tí ó rọ̀ sórí ẹni tí a kò mọ̀ rí ní òkè ọ̀hún sì bo ọ̀nà mọ́lẹ̀ níwájú wa.

Wò ó, oṣù kan náà tí odò Loire ń fà tí iyanrìn rẹ̀ ń yọ ni tiwa ń kún. O fi odò tí ó gbẹ jù wé odò tí ó kún jù, o sì dájọ́.

Ohun kan tún wà nínú àwòrán rẹ tí mi ò rò pé o kíyè sí. Ọ̀nà tí ẹ rìn ga ju àgbàlá àwọn ilé tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ. Mo béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ àgbà kan ládùúgbò wa tí ó ti gbé ní Faransé rí, ó sì ṣàlàyé fún mi pé orí ògiri erùpẹ̀ ni púpọ̀ nínú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wà, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń mọ láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn kí odò má baà wọ oko àti ilé wọn. Wọ́n ti fi ògiri pààlà láàárín odò àti ilẹ̀, orí ààlà náà ni ẹ sì ń rìn. Mi ò bá wọn wí, nítorí ìkún omi kì í ṣe ohun àfiṣeré níbikíbi. Àwọn ará Wẹmẹ ní tiwọn kò mọ ògiri. Wọ́n jẹ́ kí odò wọlé, nítorí ohun tí ó bá gbé wá ni wọ́n ń jẹ.

Jẹ́ kí n wá ròyìn ohun tí mo rí.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni mo gbéra ní Dangbo, èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin tí ó gbọ́ èdè wọn jù mí lọ. Lórí òkè, ilẹ̀ pupa gẹ́gẹ́ bí ti Àjàṣẹ́. Bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀ sí ìhà odò ni àwọ̀ ilẹ̀ ń yí padà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, ó di bí eérú, nígbà tí ó sì yá ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Amọ̀ tí ó gbé ẹsẹ̀ rẹ mì ti le, ó ti là káàkiri, ọwọ́ mi wọ inú ibi tí ó là náà títí dé ọrùn ọwọ́. Lórí rẹ̀ ni ọ̀nà wà, ọ̀nà ẹsẹ̀ tóóró tí ó funfun nítorí pé àtẹ́lẹsẹ̀ ti dán an. Oko wà lọ́tùn-ún lósì: àgbàdo tí ó ti ń yọ ìrùkẹ̀rẹ̀ nígbà tí kò sí ewé tútù kan lóko àwọn ará òkè, ata, ilá, ẹ̀wà, gbáguda, ẹ̀fọ́ gbọ̀mà. Bí omi bá ti fà ní apá ìparí ọdún ni wọ́n ń gbìn wọ́n sínú ẹrọ̀fọ̀ tí odò fi sílẹ̀, ọ̀rinrin inú ilẹ̀ náà ni wọ́n sì fi ń dàgbà.

Lẹ́yìn àwọn oko ni a bẹ̀rẹ̀ sí rí whédo. Èyí ni mo fẹ́ kí o rí ju ohunkóhun lọ. Kòtò gígùn ni, tí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́ sínú pápá, òmíràn gùn bí òpópónà kékeré. Nígbà tí omi bá bo pápá, ẹja a jáde kúrò nínú odò lọ máa jẹun, lọ máa yé ẹyin láàárín koríko; bí omi bá wá ń fà, èyí tí kò bá tètè padà a há sínú kòtò, a sì wà níbẹ̀ títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi mú. Ìdílé ni ó ni ín, bí wọ́n ṣe ń jogún ilé ni wọ́n ń jogún whédo. Wọ́n ń pa ẹja ọ̀kan lọ́wọ́ nígbà tí a kọjá. Àwọn ọkùnrin mẹ́fà wà nínú omi dúdú dé ìbàdí, wọ́n ti gé koríko orí rẹ̀ kúrò, wọ́n ń fa àwọ̀n bọ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọn obìnrin sì dúró létí pẹ̀lú agbọ̀n. Àrọ̀ ni ó pọ̀ jù, nítorí àrọ̀ lè mí afẹ́fẹ́ òkè, ó lè fara da omi tí ẹja mìíràn ti kú sí. Mo dúró níbẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí kan. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa ń wo aago, mo ní kí ó fi mí sílẹ̀.

Abúlé kan wà níwájú tí àwọn ilé rẹ̀ dúró lórí òpó. Ní oṣù kẹsàn-án, láti inú ọkọ̀ ni wọ́n ń gùn wọ ilé. Nígbà tí mo débẹ̀, àtẹ̀gùn já sórí eruku, ọkọ̀ dojú bolẹ̀ lábẹ́ ilé, adìyẹ sì ń sàba lábẹ́ ọkọ̀. Bàbá àgbàlagbà kan fi ìlà amọ̀ hàn mí lára igi kan, ibi tí omi ọdún tó kọjá dé; ìlà náà ga ju orí mi lọ. Ó wá na àdá sókè ju ìlà náà lọ, ó ní ibẹ̀ ni ti ọdún 2010 dé, ọdún ìkún omi tí ó lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò nílé káàkiri orílẹ̀-èdè yìí. Kò sọ ọ́ bí ẹni tí ń ráhùn. Ó ní ẹja pọ̀ lọ́dún náà.

A rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò fúnra rẹ̀ láti ibẹ̀ lọ. Mi ò ní sọ pé ó dára ju Loire lọ, nítorí mi ò tíì rí Loire. Omi rẹ̀ pọ́n, ó sì dákẹ́. Igi ọ̀gọ̀rọ̀ tẹ̀ wá sórí rẹ̀, lékèélékèé ń tẹ̀lé àwọn tí ń roko bí ọmọ tí ń tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà. Ní àwọn ibi tí omi ti dúró, ojú oró wà níbẹ̀ àti òṣíbàtà, ṣùgbọ́n èyí tí ó bo ibẹ̀ jù ni ewéko àlejò olódòdó àlùkò tí ó ti Amẹ́ríkà ti Gúúsù wá, tí ó ń dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀. Ó dùn ún wò. Àwọn apẹja kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Azowlissé ni a ti jẹun. Ìwọ kò mọ ọjà náà, wọn kò tíì bí ọ nígbà tí Ìyá wa ṣíwọ́ níná an. Àlùbọ́sà àti iyọ̀ ni Ìyá wa ń rù lọ síbẹ̀, ẹja yíyan ni wọ́n ń rù bọ̀. Ọkọ̀ ojú omi ṣì ń gúnlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú ẹrù bí wọ́n ti máa ń sọ ọ́, a sì jẹ ẹ̀kọ gbígbóná pẹ̀lú àrọ̀ yíyan àti ata tí ó mú mi sunkún. Láti ibẹ̀ dé Adjohoun, mi ò ní púpọ̀ sọ: oòrùn mú, ó rẹ̀ mí, mo sì wọ Adjohoun lẹ́yìn aago kan ọ̀sán pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́.

Mo jẹ́wọ́ àwọn àléébù rẹ̀. Kò sí àmì kankan, bí o kò bá ní ẹni tí ó gbọ́ èdè wọn, o lè dé ìdí whédo ẹlòmíràn kí wọ́n máa wò ọ́ bí olè. Pákó tí ó yẹ kí ó wà lórí omi kékeré kan ti já, ẹni tí ń fi ọkọ̀ sọdá ènìyàn níbẹ̀ sì ti lọ sí oko rẹ̀. A dúró dè é pẹ́. Àpò ọ̀rá dúdú kún ẹ̀yìn ọjà. O ní a kò tọ́jú odò: ní ọdún 2000, wọ́n kọ àfonífojì yìí pẹ̀lú ọ̀sà Àjàṣẹ́ àti adágún Nokoué sínú ìwé àdéhùn Ramsar, pẹ̀lú àwọn ilẹ̀ olómi tí gbogbo ayé kà sí pàtàkì. Ìwé náà wà, ọ̀rá náà sì wà. Ẹnìkan nínú ẹbí wa ti ń sọ pé ó yẹ kí a bẹ ìjọba kí wọ́n da kọnkéré sórí ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Pákó méjì tí ó lágbára àti ọlọ́kọ̀ tí kì í sá lọ ti tó wa.

Ìyá wa kì í ka oṣù láti mọ ìgbà tí ọ̀nà náà ṣí. Ata ni wọ́n ń wò. Bí ata tútù Wẹmẹ bá ti dé ọjà Wàńdò ní Àjàṣẹ́ níbí, tí owó rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí wálẹ̀, wọ́n á ní ilẹ̀ ti gbẹ, wọ́n á wá òṣùká wọn. Èmi náà ti ń wò ó báyìí, mo sì rí i pé wọn kò ṣìnà.

Nítorí náà, bí o bá fẹ́ tọrọ ìsinmi lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ, ti ìparí oṣù kìn-ín-ní tàbí oṣù kejì ni kí o tọrọ. Mo mọ̀ pé iléèwé àwọn ọmọ kò ní sinmi pẹ́ nígbà náà. Mú èyí àgbà nìkan wá bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ má kó aṣọ òtútù wá, àyàfi ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan fún ọyẹ́ àárọ̀. Ẹ mú fìlà wá. Bàtà rẹ ti oṣù kẹsàn-án ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà mi, amọ̀ dúdú náà ti gbẹ mọ́ ọn, mi ò sì fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ó wúwo jù fún ìrìn yìí. Wá pẹ̀lú sálúbàtà tí o lè tètè bọ́ nígbà tí a bá fẹ́ wọ ọkọ̀.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin, ní Àjàṣẹ́.