Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: kí ẹ tó ra ọ̀dà, ẹ wá ibi tí omi ti ń wá

Ẹ̀yin oníbàárà wa ní Ilé-Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́, ẹ kú ọ̀gìnnìtìn òjò o.

Láti ìgbà tí òjò ti múlẹ̀, ohun kan náà lẹ ń sọ fún wa lórí fóònù: ògiri yàrá ti dúdú, ẹ wá bá wa kùn ún. A ó wá, iṣẹ́ wa ni. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fi owó ọ̀dà ránṣẹ́, ẹ wọ ilé ìdáná, ẹ ṣí ike iyọ̀. Bí iyọ̀ bá ti ń di omi nínú ike, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ti tó nǹkan bí ìdá 75 nínú 100, torí ibẹ̀ ni iyọ̀ ti máa ń mu omi afẹ́fẹ́ títí yóò fi yọ́. Bí yàrá bá wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, tí ògiri sì tutù díẹ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, èébu yóò hù lára rẹ̀. Èébu ni ohun dúdú tí ẹ ń rí yẹn. Ọ̀dà kì í pa á, ó kàn ń bò ó mọ́lẹ̀ ni.

Kí ni ìtumọ̀ ìdá yẹn? Ìdá 100 ni òpin omi tí afẹ́fẹ́ lè gbé, 75 sì túmọ̀ sí pé ó ti gbé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe gbóná tó ni omi tó lè gbé ṣe ń pọ̀ tó. Ní 30°C, afẹ́fẹ́ tó kún ààyè mítà kan ní gígùn, ní fífẹ̀ àti ní gíga lè gbé omi bíi gíráàmù 30. Ní 20°C, kò lè gbé ju bíi 17 lọ. Ẹ mú yàrá ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12 tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 10. Bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá kún fọ́fọ́ fún omi ní 30°C, lítà kan gbáko ló wà nínú rẹ̀, ẹ kò sì ní rí ẹ̀kán kan. Bó bá wá tutù dé 20°C, ó kù díẹ̀ kí omi tí kò lè gbé mọ́ tó ìdajì lítà. Ibi tó bá tutù jù ló máa dà á sí: gíláàsì fèrèsé, igun ògiri, ẹ̀yìn wọ́dúróòbù. Ohun tó ń mú ìgò mínírà làágùn nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú fíríìjì náà nìyẹn. Ìgò kò jò, afẹ́fẹ́ ló sọ ẹrù rẹ̀ sílẹ̀.

Ojú ọjọ́ ló ń gbé apá kan omi yìí wá. Ní ìgbà òjò, ojú òkun Àtìláńtíìkì ni afẹ́fẹ́ tiwa ti ń fẹ́ wá, tòun ti omi. A ò lè dá ìyẹn dúró. Apá kejì, inú ilé la ti ń ṣe é, ibẹ̀ sì ni ẹnu yóò ti yà yín. Kẹrosíìnì lítà kan tó bá jó tán nínú sítóòfù yóò tú omi bíi lítà kan sínú afẹ́fẹ́. Gáàsì kílò kan yóò tú ju lítà kan ààbọ̀ lọ. Kì í ṣe ooru ọbẹ̀ la ń sọ o, iná fúnra rẹ̀ ló ń bí omi yìí. Èèyàn mẹ́ta tó sùn sí yàrá kan láti alẹ́ di àárọ̀, èémí àti òógùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà kan. Aṣọ tí ẹ sì sá sínú pálọ̀ torí òjò, ẹ gbé e sórí ìwọ̀n kí ẹ tó sá a, kí ẹ tún gbé e bó bá gbẹ. Iye tó fi dín, ògiri àti fóòmù yín ló mu púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀yin onílé tí ẹ ń gba akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sílé, yàrá kan tí ọmọ mẹ́ta ń sùn, tí wọ́n ń dáná, tí wọ́n tún ń sá aṣọ sí, kò sí ọ̀dà tó lè bá a jà. Ẹ má bínú sí akunlé.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ògiri tó rin ni afẹ́fẹ́ ń bà jẹ́. Bí omi bá ń ti ilẹ̀ gòkè, ìsàlẹ̀ ògiri ló ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í sábà kọjá ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ ó sì rí ìyẹ̀fun funfun bí iyọ̀ lójú ibẹ̀, sìmẹ́ǹtì yóò máa hó bọ́. Bó bá jẹ́ páànù ló ń jò, ẹ ó rí òrùka aláwọ̀ ilẹ̀ lára àjà, yóò sì tún gbòòrò sí i lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀. Ìyẹn, ẹ pe káfíńtà kó wo ìṣó àti etí páànù, ẹ má pè wá ná. Ti afẹ́fẹ́ ni àmì dúdú wínníwínní ní igun àti lẹ́yìn ẹrù, láìsí iyọ̀ funfun kankan.

Bí ó bá rú yín lójú, ẹ gé ọ̀rá tó mọ́ gaara, ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ níbùú lóròó. Ẹ nu ojú ògiri gbẹ, ẹ fi séllótéèpù fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ mọ́ ògiri, kí atẹ́gùn má rí àyè wọlé. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí 48. Bí omi bá wà ní ẹ̀yìn ọ̀rá, ní ojú tó kọ sí ògiri, inú ògiri lọ́hùn-ún ló ti ń wá. Bó bá jẹ́ ojú tó kọ sí yàrá ló ń làágùn, afẹ́fẹ́ ni. Ó lè jẹ́ méjèèjì. Ọ̀rá ọ̀fẹ́ yìí sàn ju kí ẹ ra gálọ́ọ̀nù ọ̀dà mẹ́ta lọ.

Fún omi ilẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo ìta. Ilẹ̀ ìta gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán ínṣì mẹ́fà relẹ̀ sí dípíísì (DPC), ìpele tí wọ́n tẹ́ sí ìsàlẹ̀ ògiri kí omi ilẹ̀ má bàa gòkè. Ọ̀pọ̀ ilé tí dípíísì rẹ̀ dára ló bẹ̀rẹ̀ sí í rin lẹ́yìn tí onílé da yẹ̀pẹ̀ òdòdó ti ògiri, tàbí tó fi íntálọ́ọ̀kì gbé àgbàlá ga.

Ọ̀rọ̀ ilé amọ̀ ló ń dùn wá jù, torí ó ṣì pọ̀ láwọn agboolé àtijọ́ ní Ifẹ̀. Ògiri amọ̀ máa ń mu omi, ó sì máa ń tú u sílẹ̀ padà. Nígbà tí wọ́n bá fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ kó lè dà bí ilé tuntun, omi tó wọlé láti ìsàlẹ̀ tàbí láti ibi tó sán kò rí ọ̀nà jáde mọ́. Amọ̀ yóò máa rọ̀ lábẹ́ sìmẹ́ǹtì láìsí ẹni tó mọ̀. Ẹ fi ìka kan ibẹ̀, yóò dún bí igbá òfìfo. Lọ́jọ́ kan, odidi ojú ògiri á ya lulẹ̀. Àwa kì í gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Amọ̀ la fi ń rẹ́ ẹ padà, láìmù, ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n fi òkúta sísun ṣe, la sì fi ń kùn ún.

Ní ti ìlera, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà kan jáde ní 2009 lórí ilé tó rin àti èébu. Ó ní àwọn tó ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ máa ń ní ikọ́ àti àìlèmí dáadáa jù, àti pé ikọ́ fée máa ń le sí i. Kòkòrò tíntìntín inú eruku fóòmù tún wà níbẹ̀. Wọn kì í mu omi, inú afẹ́fẹ́ ni wọ́n ti ń fà á, torí náà bí ọ̀rinrin bá wà lábẹ́ ìdá 50 fún ìgbà pípẹ́, wọ́n á kú. Káńfọ̀ tí ẹ ń jù sínú wọ́dúróòbù kò gbẹ ohunkóhun, òórùn ló ń bò. Ẹ má sì fi aṣọ tó ti wà nínú rẹ̀ wọ ọmọ ìkókó: àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n bí àìtó G6PD, èròjà tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa, mọ́, káńfọ̀ lè ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́, kí ojú wọn pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè.

Bí ẹ bá fẹ́ fọ èébu, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá a, á fọ́n káàkiri yàrá. Ẹ bo imú, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ ṣí fèrèsé. Ọṣẹ àti omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ da jíìkì ife kan sínú omi lítà mẹ́rin, ẹ fi pa ojú ibẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ṣan án, ẹ nù ún gbẹ. Ẹ má ṣe pò ó mọ́ oògùn tí ẹ fi ń fọ ṣáláńgá láéláé, gáàsì tó lè pa ẹ̀dọ̀fóró lára ló máa jáde. Fóòmù tó ti bu kò ṣeé fọ̀, ẹ jù ú nù.

Ẹ fa wọ́dúróòbù kúrò lára ògiri ní ínṣì méjì. Ní oṣù Keje, afẹ́fẹ́ òru rin púpọ̀, nítorí náà láti bí aago 11 àárọ̀ sí aago 4 ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ ṣí fèrèsé yàrá ẹrù, kí ẹ tì í lálẹ́. Yàrá tí èèyàn ń sùn yàtọ̀, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn díẹ̀ máa wọlé. Ẹ má bẹ̀ wá ká fi gílọ́ọ̀sì, ọ̀dà tó ń dán, kun ògiri tó rin: á wú bí ẹni tí omi gbígbóná bó. Sìmẹ́ǹtì tuntun sì gbọ́dọ̀ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó tó rí ọ̀dà.

Ilẹ̀kùn tó ń há nísinsìnyí, ẹ má jẹ́ kí káfíńtà fá a jù. Igi ti mu omi ni. Bí ọyẹ́ bá ti Sàhárà dé ní oṣù Kejìlá, yóò sún kì, àwọn tó fá a á máa wá ohun tí wọ́n máa fi dí àlàfo.

Nígbà tí ẹ bá ń pè wá, ẹ fi fọ́tò ògiri náà ránṣẹ́, kí ẹ sọ bí ibi tó bàjẹ́ ṣe ga tó láti ilẹ̀, ojú ọ̀rá wo lomi wà lẹ́yìn wákàtí 48, àti ìgbà tí wọ́n rẹ́ ògiri náà gbẹ̀yìn.

Àwa akunlé yín, Ilé-Ifẹ̀