Ta Ló Lu Ìlù Inú Àwo Yẹn?

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá. Orí fóònù ni mo ti máa ń ka ìwé ìròyìn yín, nínú bọ́ọ̀sì, bí mo bá ń ti ẹnu iṣẹ́ alẹ́ bọ̀. Mo ka lẹ́tà ẹni tó ní àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí kò mọ orin àtijọ́ mọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi àwa àgbà tí à ń pe ara wa ní amòye orin léèrè ọ̀rọ̀ kan: nínú àwo jùjú tí ẹ fẹ́ràn jù nílé yín, ta ló ń lu gángan? Kì í ṣe ẹni tó ni ẹgbẹ́ ni mò ń béèrè o. Ẹni tó há gángan mábíyá ni. Ẹ lọ wo ẹ̀yìn páálí rẹ̀ kí ẹ tó dá mi lóhùn.

Ohun tó gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí mi lọ́kàn kò jọ mọ́ jùjú rárá. Àwọn òyìnbó arúgbó mẹ́rin kan ló fà á.

Iṣẹ́ títọ́jú àgbàlagbà ni mò ń ṣe ní London, ó ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Láti 2019 ni mo ti ń lọ sọ́dọ̀ bàbá kan ní apá gúúsù ìlú yìí. Òfin iṣẹ́ wa kò gbà kí n dárúkọ wọn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n máa pè wọ́n ní Bàbá Aláwo. (Kì í ṣe babaláwo o, àwo orin ni mò ń wí.) Ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn mọ́, àga onítáyà ni wọ́n fi ń rìn, ṣùgbọ́n àwo tó wà nínú yàrá wọn lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, ní aago méjì ọ̀sán, àwọn ọ̀rẹ́ wọn mẹ́ta á dé, màá gbé tíì kalẹ̀, ìjà á sì bẹ̀rẹ̀.

Yes ni orúkọ ẹgbẹ́ tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ jà. London níbí ni Jon Anderson olórin àti Chris Squire tó ń ta gìtá báàsì ti dá a sílẹ̀ ní 1968. Rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń kọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe rọ́ọ̀kì tí èèyàn lè jó sí. Orin wọn gùn bí ìwàásù Ọjọ́ Ẹtì Rere. Àwo wọn kan tó jáde ní 1972, Close to the Edge, orin mẹ́ta péré ló wà nínú rẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ gba odindi ojú kan, ó lé ní ìṣẹ́jú méjìdínlógún. Ẹni tó dàgbà sídìí jùjú kò ní ka ìyẹn sí nǹkan bàbàrà, torí àwọn ọ̀gá tiwa náà máa ń fi orin gba ojú àwo kan tán. Ibi tó ti yàtọ̀ ni pé orin tiwọn kì í dúró sójú kan. Bí ẹsẹ̀ rẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ìlù náà, wọ́n á ti yí i padà. Níbẹ̀rẹ̀, etí mi kò gbà á rárá, àfi bí ìgbà tí ẹnìkan gbé apẹ̀rẹ̀ ṣíbí ṣubú lórí àtẹ̀gùn.

Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí ni pé, ta gan-an ni Yes? Torí ẹgbẹ́ yìí dà bí ilé ayálégbé: bí ẹnìkan ṣe ń kó jáde ni ẹlòmíràn ń kó wọlé. Bill Bruford ló lu ìlù inú Close to the Edge, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbé orin náà lọ sí Amẹ́ríkà, ó ti bá ẹgbẹ́ King Crimson lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni Alan White rí fi kọ́ àwọn orin náà kó tó bá wọn gun orí ìtàgé. Ẹni ọjọ́ mẹ́ta yìí ló wá dúró tì wọ́n títí ó fi kú ní oṣù karùn-ún 2022. Ní 1980, Anderson kò sí níbẹ̀ mọ́, Trevor Horn ló kọrin nínú àwo Drama. Ní 1983, Anderson ti padà, ọmọ South Africa kan, Trevor Rabin, sì ti wọlé sídìí gìtá, òun ló gbé orin tó tà jù wá fún wọn. 90125 ni wọ́n pe àwo yẹn. Nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù fi sí i lára ni wọ́n kúkú sọ di orúkọ rẹ̀, bí ẹni tó wo nọ́ńbà ilé tó sì fi sọ ọmọ. Ní 1991, ti àtijọ́ ti tuntun dà pọ̀, wọ́n di mẹ́jọ lórí ìtàgé kan ṣoṣo. Láàárín 2017 sí 2018, Yes méjì ló ń ṣeré káàkiri ayé: ọ̀kan lọ́dọ̀ Steve Howe onígìtá, èkejì lọ́dọ̀ Anderson, Rabin àti Rick Wakeman onídùùrù. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí ẹgbẹ́ jùjú ṣe ń fọ́ kò ní ṣe háà.

Bàbá Aláwo ní láìsí Anderson, kò sí Yes. Ọ̀rẹ́ wọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ pípín lẹ́tà ní irọ́ ni: Squire nìkan ló wà nínú gbogbo àwo ẹgbẹ́ náà pátá títí ó fi kú ní oṣù kẹfà 2015, ọjọ́ tó kú ni Yes kú. Ẹnì kẹta ní ibi tí Howe bá ti ń ta gìtá, Yes ni. Ẹnì kẹrin kì í sábà sọ̀rọ̀. Tales from Topographic Oceans nìkan ló máa ń gbé wá látilé, àwo méjì tí orin mẹ́rin péré wà nínú wọn, 1973. Bí ó bá ti fà á yọ báyìí, àwọn mẹ́ta yòókù á pohùn pọ̀ kígbe lé e lórí. Àwo yẹn sú Wakeman tó lu dùùrù inú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ti sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ pé ní ìlú Manchester, nígbà tí wọ́n ń lu orin náà lọ́wọ́ lójú gbogbo èrò, òun jẹ ọbẹ̀ kọ́rì lórí ìtàgé. Ẹ gbà mí! Bàbá mi ì bá fi ọ̀pá ìlù là á lórí.

Ọ̀rọ̀ yìí ìbá ti di ẹ̀rín lásán lójú mi bí kì í bá ṣe ìwé kan. Ìwé àkọsílẹ̀ ni, ẹ̀yìn rẹ̀ le, ó pupa, etí rẹ̀ ti já. Inú rẹ̀ ni Bàbá Aláwo ń kọ gbogbo eré tí wọ́n ti lọ wò sí: ọjọ́, gbọ̀ngàn, orin tí wọ́n kọ́kọ́ lù, orin tí wọ́n fi kádìí, ta ló wà nídìí ohun èlò wo. Bí ìjà bá le, wọ́n á ní kí n bá àwọn gbé e wá. Orúkọ kì í sọnù lọ́wọ́ wọn. Wọ́n tilẹ̀ fi ẹ̀yìn páálí Close to the Edge hàn mí. Àwòrán àwọn márùn-ún tó ṣe é wà níbẹ̀, ẹnì kẹfà sì wà pẹ̀lú wọn. Mo béèrè ohun tí ìyẹn ń lù. Wọ́n ní kò lu nǹkan kan, Eddy Offord ni, òun ló jókòó ti ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀. Ẹni tó ń yí bọ́tìnì ẹ̀rọ lásán, ojú rẹ̀ wà lẹ́yìn àwo!

Ní oṣù kẹfà 2022, Yes wá sí Royal Albert Hall láti ṣàjọyọ̀ àádọ́ta ọdún tí àwo yẹn ti jáde. Kò tíì pé oṣù kan tí Alan White kú. Èmi ni mo ti àga Bàbá lọ. Wọ́n ní dandan ni kí àwọn wọ tíṣáàtì kan tí àwọn rà níbi eré Yes ní 1977. Kò gbà wọ́n mọ́, ni mo bá fi àlùmọ́gàjí la ẹ̀yìn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo fi jákẹ́ẹ̀tì bò ó. Nínú àwọn márùn-ún tó ṣe àwo náà ní 1972, Howe nìkan ló wà lórí ìtàgé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ti pé ọmọ ọdún márùndínlọ́gọ́rin, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìdáná. Báàsì wà lọ́wọ́ Billy Sherwood, ẹni tí Squire fúnra rẹ̀ bẹ̀ pé kó bá òun dí àyè nígbà tí àìsàn dá a dúbúlẹ̀. Jon Davison ló ń kọrin; kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, orin Yes ló ti ń fi ṣe àfarawé níbòmíràn. Gbogbo ọ̀nà ni Bàbá fi ń kùn pé ayédèrú ni.

Orin ń lọ, ó ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún, títí ó fi dé ibì kan tí ohun gbogbo rọlẹ̀, tí dùùrù wá bú jáde bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ Áńgílíkà ni mí, ibẹ̀ ni mo ti mọ ibi tí mo wà. Bàbá ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì gan-an ló wà nínú àwo, pé St Giles tó wà ní Cripplegate, láàárín ìlú níbí, ni Wakeman ti lù ú. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, omi ń dà lójú wọn, wọ́n di ọwọ́ mi mú débi tó dùn mí. Nígbà tí a ń padà lọ sílé nínú tákísì, wọ́n ní, "Kì í ṣe Yes nìyẹn." Mo ní, "Sà, ta wá ni ẹ sunkún fún?" Wọn kò dá mi lóhùn títí a fi kọjá afárá.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n bi mí ohun tí bàbá mi ṣe láyé. Mo ní onílù ni. Ojú wọn là. "Nínú àwo wo?"

Gángan ni bàbá mi lù fún ọdún mọ́kànlá lọ́dọ̀ ọ̀gá jùjú kan ní Mushin. N kò ní dárúkọ ọ̀gá náà. Ó ti kú, bàbá mi náà ti kú, ẹjọ́ ti tán. Àwo kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ mi, ti 1976, aṣọ ìlékè ni mo fi wé e nígbà tí mò ń bọ̀ láti Èkó. Mo gbé e lọ ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e. Wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré nù ún, ẹ̀ẹ̀mẹta, wọ́n gbé abẹ́rẹ́ lé e. Àwọn arúgbó mẹ́rin dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ yẹn ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó gbé ìka sókè, ó ní, "Ìlù tó ń sọ̀rọ̀ méjì ló wà níbẹ̀. Èwo ni ti bàbá yín?"

Mo mọ̀ ọ́n. Bàbá mi ní òrùka bàbà kan ní àtàǹpàkò òsì, bí wọ́n bá fún ọṣán pọ̀ láti gbé ohùn ìlù lọ sókè, òrùka yẹn á kan etí igi ìlù, á dún kó, díẹ̀ báyìí. Nílé, ìyá mi máa ń bínú sí i. Ní London, lẹ́yìn nǹkan bí ogójì ọdún ó lé, a gbé abẹ́rẹ́ padà sẹ́yìn ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, gbogbo wọn gbọ́ ọ: kó.

Wọ́n wá gbé páálí náà, wọ́n ń wá orúkọ. Iwájú: ọ̀gá nínú agbádá, gìtá lọ́wọ́, ẹ̀yìn èjìká rẹ̀ ni ìdajì ojú bàbá mi wà. Ẹ̀yìn: orúkọ orin, àdírẹ́sì ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù, "àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀". Wọ́n wo àárín àwo. Wọ́n yẹ inú àpò rẹ̀ wò, bóyá ìwé kan há síbẹ̀. Bàbá Aláwo rò pé mo sọ ojú ewé kan nù ni. Ojú tì mí, mi ò tilẹ̀ mọ ẹni tí ojú ń tì mí fún.

Ẹnìkan lè sọ pé àwọn olórin wa máa ń pe onílù wọn nínú orin. Mo gbà. Ta ni kò mọ Adéwọlé Onílùọlá, onílù Àyìnlá Ọmọwúrà? Ṣùgbọ́n àwọn tí ọ̀gá wọn kò pè ńkọ́? A ń náwó fún wọn níbi ìnáwó, a ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ wọn níwájú orí, ilẹ̀ mọ́, a kò mọ orúkọ ẹni tí a lẹ owó mọ́.

Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ̀bẹ̀ mi kò ju kọ̀rọ̀ kékeré kan lọ nínú ìwé ìròyìn yín, lọ́sẹ̀ kan sí méjì. Ẹ mú àwo kan, ẹ tẹ àwòrán páálí rẹ̀ síbẹ̀, kí àwọn òǹkàwé sọ ẹni tó lu kí ni nínú rẹ̀. Àwọn ìyàwó, ọmọ àti àwọn tó bá wọn gbé ilé ṣì wà láyé, wọ́n mọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jà lé e lórí pàápàá, kò burú. Ìjà náà ló máa jẹ́ kí òótọ́ jáde.

Mo ti fi àwòrán páálí tèmi àti orúkọ bàbá mi ránṣẹ́ sí yín lọ́tọ̀. Mo tún kọ ti ẹni tó lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ti ẹni tó ta gìtá kejì sí i. Bọ̀dá tó lu àkúbà ló kù. Ọmọ Ìlá ni, ó ní eyín góòlù kan lápá òsì, ó sì máa ń ra gúgúrú fún mi bí wọ́n bá ń ti òde bọ̀ ní òwúrọ̀ Àìkú. Bọ̀dá Alákúbà nìkan ni mo ń pè é. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ orúkọ rẹ̀, kó jọ̀wọ́ kọ̀wé sí yín. Bàbá Aláwo ti kọ orúkọ bàbá mi sínú ìwé pupa wọn, tàmì-tàmì, bí mo ṣe pè é fún wọn, wọ́n sì fi ìlà kan sílẹ̀ lófìfo nísàlẹ̀ rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Onílù,
Peckham, London.